Àwo Búlúù Tó Yọ Àwọ̀ Ewé

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2023, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Kugbo, lójú ọ̀nà Nyanya níbi tí àwa oníṣẹ́ fọ́níṣọ̀ pọ̀ sí l'Abuja. Ó fa gèlè kan yọ nínú báàgì, ó sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì mi láàárín pàǹtí igi. Ó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ ní Sátidé kejì oṣù Kìíní. Àwọ̀ aró ni aṣọ ẹbí wọn, aró tó jinlẹ̀ débi pé bí o bá wò ó lókèèrè, dúdú ni wàá pè é. Àwo igi mẹ́rìnlélógún ló fẹ́, tí wọn yóò fi gbé obì, orógbó àti atare síwájú àwọn àna, tí àwọn àgbà á sì mú lọ sílé lẹ́yìn ìnáwó.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa o. Mi ò fẹ́ èyí tó jọ ọ́. Èyí gan-an ni mo fẹ́."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo ti gba ìdajì owó kí n tó rántí pé láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń yí igi, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa yí igi kí n máa fi irin fá a, mi ò tíì rẹ igi kankan ní búlúù rí.

Ẹni tó ń yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti òpó àtẹ̀gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà aró. Àwọ̀ ọ̀gànwó tàbí ti ìrókò la sábà máa ń rẹ igi olówó pọ́ọ́kú, igi náà fúnra rẹ̀ sì ti sún mọ́ àwọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Bí ibì kan bá ṣú ju ibì kejì lọ, oníbàárà á ní bí igi ṣe ń rí nìyẹn. Búráùn máa ń bo àṣírí oníṣẹ́. Búlúù kò bo ti ẹnikẹ́ni.

Igi mèlínà ni mo fẹ́ lò. Mo ti fá àwo ogójì sílẹ̀ láti àárín òjò, nígbà tí igi náà ṣì tutù. Igi tútù rọrùn fún gọ́ọ̀jì, irin tí a fi ń fá igi, àmọ́ bó bá ti ń gbẹ ló ń lọ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fá a tán lẹ́ẹ̀kan. A máa ń jẹ́ kí ara àwo nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú rẹ̀: èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, a fi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ fún un. A wá kó wọn sínú àpò pẹ̀lú pàǹtí tí a fá lára wọn kí omi máa jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, tí ètè oníkálukú ń là, igi ti gbẹ. Méje ti sán, mo yọ wọ́n kúrò. Mo dá ìyókù padà sórí ẹ̀rọ, mo fá wọn dé ìwọ̀n, mo fi sáńpépà ha wọ́n títí ara wọn fi ń dán. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, ó ku kí a fi aró kàn án.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló lọ ra aró náà. Ẹ̀tù inú ọ̀rá kékeré ni, irú èyí tí àwọn tó ń hun ẹní máa ń lò, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ẹni tó tà á ní inú sípíríìtì ló ti ń yọ́. Lóòótọ́ ló yọ́. Omi rẹ̀ wuyì nínú ike débi pé a dúró wò ó.

Àfi bí a ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kan igi. Ẹ mọ bí ọyẹ́ Abuja ṣe ń mú omi kúrò lára aṣọ tí a sá. Ẹ wá fojú inú wo ohun tó ń ṣe fún sípíríìtì. Kí n tó yí àwo po padà dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ti gbẹ kanrin, ibi tí ọwọ́ kejì bá sì ti gun ti àkọ́kọ́ a di ìlà ṣíṣú. Mo ní kí n tan ẹ̀rọ kó máa yí àwo díẹ̀díẹ̀ kí n fi rágì tẹ aró mọ́ ọn. Aró fọ́n sí ògiri, ó fọ́n sí mi láyà, ó fọ́n sí fìlà ọmọ iṣẹ́ mi. Fìlà yẹn ṣì wà. Òun ni búlúù rẹ̀ mú jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Lára àwo kọ̀ọ̀kan, ibi méjì tó kọjú síra ṣú bí ojú ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ìlà sáńpépà tí mi ò rí tẹ́lẹ̀ jáde roboto, yíká yíká, bí ti ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Mo ṣì ní ìrètí pé ìpara òkè, ohun dídán tí a fi ń bo aró, á tún un ṣe. Mo fi rágì pa lákà sára mẹ́ta: rágì di búlúù, àwo di àbàwọ́n. Mo fi fánísì olóróró pa mẹ́ta mìíràn. Àwọn yẹn kò ṣí, àmọ́ nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé wọn síta, àwọ̀ ewé ni wọ́n. Kì í ṣe àsọdùn, bí ewé ẹ̀fọ́ tó ti fẹ́ rọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Mọ́mì yà láti wo iṣẹ́ dé ibi tó dé. Ó gbé ọ̀kan, ó yí i, ó gbé e sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ la fẹ́ gbé síwájú àna ni?"

Mi ò ní èsì. Ó jókòó sórí àpótí, ó wá béèrè ohun tí èmi náà ti bi ara mi lóru: ṣé kò sí aró gidi ni? Ìyá tó bí i lọ́mọ ń rẹ àdìrẹ l'Òṣogbo, ìkòkò aró wà lẹ́yìnkùlé wọn, kí ló dé tí a ń fi ẹ̀tù inú ọ̀rá ṣeré? Mo ṣàlàyé fún un pé mo ti gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan rí. Mo mú pátákó arère pẹlẹbẹ dé Kano, dé kòtò aró Kofar Mata tí wọ́n ní ó ti wà láti ọdún 1498, mo bẹ àwọn bàbá tó wà níbẹ̀ kí wọ́n bá mi rì í. Aró ẹ̀lú kì í yọ́ nínú omi lásán. Eérú àti káún, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi ń jẹ́ kó kan, ló ń sọ ọ́ di ohun tó lè wọ òwú. Bí aṣọ bá jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó tún padà di aró tí kò yọ́ mọ́, nínú òwú níbẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni, ó ń mu, a lè rì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Pátákó tèmi mu ìwọ̀nba lójú lásán, ìyókù dúró sókè bí eruku, ó ń ra ènìyàn lọ́wọ́. Mo ní, "Mọ́mì, bí mo bá fi ìyẹn ṣe é, gbogbo àna ni ọwọ́ wọn máa di ọwọ́ aláró." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbàgbé gèlè rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún mi, ó ní kó máa wò mí.

Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì tó ń fi ẹ̀rọ fín àwọ̀ sára fọ́níṣọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Àwọn ni mo gbé àwo ewé náà lọ bá. Wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ, kí ni àwọ̀ mèlínà?"

"Funfun ni, Bàbá."

"Má purọ́. Lọ gbé bébà funfun tì í."

Mo lọ gbé bébà tì í. Igi tí mo ń pè ní funfun pọ́n bí ògì àgbàdo.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Pẹ́ńtì a máa jókòó sórí igi kó bo ohun tó wà nísàlẹ̀. Aró kì í bo nǹkan kan. Ó wọ inú iṣan igi, ojú sì ń rí i pọ̀ mọ́ àwọ̀ tó bá níbẹ̀. Búlúù bá òfééfèé yẹ́lò nílẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ni àwọ̀ ewé. Fánísì olóróró tí mo wá fi lé e, yẹ́lò lòun náà, ó sì tún ń pọ́n sí i bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ìpele yẹ́lò méjì ni mo fi búlúù há sáàárín.

Ọ̀rọ̀ ojú tó ṣú, ibi tí wọ́n ti gé igi wá ló ti wá. Àwo tí a fá láti inú pátákó tí a dùbúlẹ̀, bí o bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, wàá bá ẹ̀gbẹ́ iṣan pàdé lẹ́ẹ̀mejì, wàá bá orí iṣan tí a gé pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Orí iṣan dà bí ìdì sítírọ́ọ̀ tí a fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a tò jọ, ẹnu gbogbo wọn ló là sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ iṣan mu díẹ̀, wọ́n á fà á mì. Ibẹ̀ náà ni gọ́ọ̀jì ti máa ń fa igi ya bí kò bá mú, ibi tó ya sì ń mu aró ju ibòmíràn lọ. Ìlà roboto sì wá láti ara pé nígbà tí ẹ̀rọ ń yí ni mo ha á, ìlà náà sì ré iṣan kọjá. Lórí búráùn, ta ni yóò rí i?

Ní ti lákà tó ṣí aró, mi ò lè di ẹ̀bi yẹn ru igi. Tíìnà tó wà nínú lákà ń yọ́ ohun tí sípíríìtì ń yọ́. Mo fi epo tó ń ṣí ìlẹ̀kùn pa ìlẹ̀kùn tí mo fẹ́ kó dúró ní títì.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ní ọjọ́ kìíní ni mo wá ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá: mo gbé àwọn àwo tó sán tí mo ti yọ kúrò, mo sọ wọ́n di ìdánwò. Igi kan náà, gígé kan náà, orí iṣan wà lára wọn. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan mo ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sáńpépà, aró, ìpara òkè, kì í ṣe aró nìkan. Mo kọ ohun tí mo ṣe sí ìdí wọn pẹ̀lú bírò.

Mo tún mú èyí tí a fi ẹ̀tù inú ọ̀rá rẹ, mo fi bébà fàdákà tí a fi ń di oúnjẹ bo ìdajì rẹ̀, mo gbé e sórí páànù òrùlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìdajì tí oòrùn rí fi ṣá di àwọ̀ eérú. Àwọn aró ẹní yẹn máa ń tàn gan-an lójú, ṣùgbọ́n oòrùn kì í pẹ́ jẹ wọ́n. Òmíràn nínú wọn sì ní májèlé, kò yẹ kó sún mọ́ ohun tí ènìyàn máa jẹ. Mo da ìyókù ọ̀rá náà nù.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó bá mi wá aró olómi tí wọ́n ṣe fún igi, èyí tí èròjà irin wà nínú rẹ̀. Wọ́n lágbára ju ti ẹ̀tù yẹn lọ níwájú oòrùn. Ó ṣeé lú mọ́ omi, ó ṣeé lú mọ́ sípíríìtì. Omi ni mo mú, nítorí ọyẹ́. Omi ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń fún ọwọ́ láàyè láti yí po kó tó gbẹ. Mílílítà 30 sínú lítà kan, píọ̀ wọ́tà ni mo sì lò, torí omi bọ́họ́ọ̀lù wa ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, mi ò mọ ohun tó máa bá igi sọ.

Ó wá ku yẹ́lò inú igi. Bàbá ní kí n wá àwọ̀ tó ń pa yẹ́lò, ìyẹn àwọ̀ àlùkò. Mo po àlùkò tó rọ̀ gan-an, mo fi ṣe ọwọ́ àkọ́kọ́, igi di bí eérú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá fi búlúù lé e lẹ́ẹ̀mejì. Lára ìdánwò kẹrin, mo gbé gèlè tì í, mo pe ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ó dé."

A ti ba mẹ́sàn-án jẹ́ nígbà yẹn. Mẹ́fà tó ti ní lákà tàbí fánísì lára padà sórí ẹ̀rọ, mo fi gọ́ọ̀jì bó wọn fẹ́lẹ́. Mẹ́ta tó jẹ́ aró nìkan ló wà lára wọn, jíìkì ni mo fi pa wọ́n. Jíìkì a máa pa aró, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú àwọ̀ igi fúnra rẹ̀ kúrò. Mo fi omi ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé jíìkì jìnnà sí fínígà. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde bí wọ́n bá pàdé ń pa ẹ̀dọ̀fóró, fínígà sì wà ní ṣọ́ọ̀bù wa lásìkò náà, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Fífi sáńpépà ha wọ́n gba ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Nọ́ńbà sáńpépà 120, 180, 220, 320, láti orí èyí tó le dé èyí tó kúnná, nígbà tí mo bá sì parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń pa ẹ̀rọ, mo ń fi ọwọ́ ha á tẹ̀lé iṣan títí ìlà roboto á fi pòórá, iná tọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀gbẹ́. Orí iṣan nìkan ni mo gbé dé 400, kí ẹnu rẹ̀ lè dí díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi omi nu gbogbo ara àwo kí irun igi dìde, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi 320 gé irun náà fẹ́rẹ́. Bí o kò bá gbé irun yẹn dìde kí aró tó dé, omi aró ló máa gbé e dìde, bí o bá wá ní kí o gé e, o ti gé aró kúrò.

Inú àwo, mo pinnu pé mi ò ní rẹ ẹ́ rárá. Obì ló ń gbé ibẹ̀, ẹlòmíràn á sì fi jẹ ṣíń-ṣíń bó bá délé. Ṣùgbọ́n aró kò mọ ààlà, ó ń rìn nínú iṣan láti ìta wọ inú bí epo nínú òwú àtùpà. Mo fi ṣónṣó irin la kòtò tínínrín yí ẹnu àwo po kí iṣan lè já níbẹ̀, mo sì ní kí ẹnu náà dúdú. Dúdú yẹn ni mo ti gbádùn iṣẹ́ náà jù. Mi ò ra aró fún un. Mo ra èso bàgàrúwà lọ́wọ́ Mallam kan, èyí tí àwọn Hausa fi ń ṣe awọ, mo sè é, mo fi omi rẹ̀ tó pọ́n kan ẹnu àwo. Mo ti rẹ irin ìfọkòkò sínú fínígà fún ọ̀sẹ̀ kan, láìdé e pa, torí afẹ́fẹ́ ń jáde lára rẹ̀. Bí omi irin yẹn ṣe kan ibi tí bàgàrúwà wà, ó dúdú lójú wa, bí ìgbà tí wọ́n da tàdáwà sórí wàláà. Mèlínà fúnra rẹ̀ kò ní ohun tí irin fi ń dúdú tó, bàgàrúwà ló yá a. Ọmọ iṣẹ́ mi fi gbogbo ọ̀sán ṣe é lára àwọn pátákó tí a ti gé sọnù.

Ọjọ́ tí a rẹ ìta, a ti ilẹ̀kùn nítorí afẹ́fẹ́, a pa ẹ̀rọ, a wọ ìbọ̀wọ́. Mo kọ́kọ́ fi omi lásán kan orí iṣan kó ti mu yó díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi fóòmù da aró bo gbogbo ìta lẹ́ẹ̀kan náà, mo jẹ́ kó tutù yíká, mo wá nu èyí tó ṣẹ́kù. Kò sí ìlà kankan. Nígbà tó gbẹ, ó ṣá bí ṣọ́ọ̀kì, ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ sunkún. Mo ní kó má ṣèyọnu. Àwọ̀ tí a rí nígbà tó ṣì tutù ló sún mọ́ èyí tó máa wà lábẹ́ ìpara òkè.

Kílíà tí àwọn tó ń fín mọ́tò ń lò ni mo ní kí Bàbá bá mi fín sí ìta, torí ó mọ́ bí omi, kì í yára pọ́n. Wọ́n wọ ìbòmú tó dára, torí ohun tí wọ́n ń lú mọ́ ọn kó lè le kò dára fún èémí. Wọ́n kọ́kọ́ fín in bí ìrì, lẹ́ẹ̀mejì, kí aró má bàa rí omi tó pọ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n tó wá fín èyí tó kún.

Mọ́mì dé ní ọjọ́rú tó ṣáájú ìnáwó. Ó gbé gèlè ti àwo lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ó ní àwo pọ́n díẹ̀. Mo mú un síta. Lójú oòrùn, kò rí ààlà láàárín àwọn méjèèjì. A padà wọlé, ó tún pọ́n. A jáde, ó tún bára mu. Àwọ̀ méjì tí kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n lè bára mu lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan kí wọ́n má bára mu lábẹ́ òmíràn. Ó béèrè irú iná tó wà ní gbọ̀ngàn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà," ó san ìyókù owó, wọ́n sì kó àwo sínú bóòtù.

Ó pè mí nínú oṣù Kẹjọ. Ọ̀kan wà lórí fíríìjì rẹ̀ níwájú fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìta ti ń ṣá díẹ̀. Ṣé mo lè fi aró díẹ̀ kàn án? Mo sọ fún un pé aró kò lè gba inú kílíà kọjá, mo ní láti bó gbogbo rẹ̀ kúrò kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti sáńpépà. Mo sì sọ iye tó máa ná an.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n kúkú yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú."